Bẹ́ Ẹ Ṣe Lè Rí Ìfun Eèrà Láì Pa Eèrà: Yíya Fọ́tò Nǹkan Wínníwínní Pẹ̀lú Lẹ́ńsì Macro Afọwọ́yí

Ìbéèrè kan náà ṣáá ni wọ́n ń bi mí. "Mo ra lẹ́ńsì macro, ọwọ́ ni mo fi ń yí gbogbo ẹ̀, fọ́tò tí mo bá sì yà bàìbàì ló máa ń jáde, ṣé kì í ṣe pé wọ́n ta lẹ́ńsì tó bàjẹ́ fún mi báyìí?" Kò bàjẹ́ o. Lẹ́ńsì macro ni èyí tí wọ́n ṣe láti fi ya nǹkan kékeré láti itòsí. Òrùka fókọ́ọ̀sì (èyí tó ń mú kí àwòrán mọ́ kedere) tẹ́ ẹ ń yí ṣáá bíi pé èèyàn lẹ fẹ́ yà ló ń fa gbogbo ẹ̀. Tó bá ti di nǹkan tó kéré bí eèrà, a kì í fi òrùka wá fókọ́ọ̀sì mọ́, ńṣe la máa ń fi òrùka sójú kan ká wá máa sún ara wa síwájú sẹ́yìn títí ojú eèrà yẹn fi máa mọ́ kedere. Ibi tọ́rọ̀ wà gan-an nìyẹn. Tí ara bá ń kán yín, ẹ fò lọ sí Ìgbésẹ̀ 4, ẹ ka ìyókù tẹ́ ẹ bá dé.

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá fara balẹ̀ pa eèrà ló ń rí ìfun inú ẹ̀. Àwa ò ní pa eèrà kankan, a ò sì ní rí ìfun ẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ irun ẹsẹ̀ ẹ̀ ò ní ṣókùnkùn sí yín, ẹ máa rí eruku òdòdó tó lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn oyin, ẹ máa rí ojú lámilámi tó dà bí afárá oyin.

## Ẹ kó àwọn nǹkan yìí jọ ná

- Kámẹ́rà tó ṣeé pààrọ̀ lẹ́ńsì ẹ̀
- Lẹ́ńsì macro tó bá ẹnu kámẹ́rà yẹn mu (tí ò bá bá a mu, ẹ wá adáputà, òrùka tó ń so wọ́n pọ̀)
- Fíláàṣì kékeré kan, kódà kó jẹ́ èyí tó pọ́ọ́kú jù
- Bébà funfun tàbí fóòmù funfun pẹ́lẹ́bẹ́, rọ́bà, sẹ́lótéèpù
- Bátìrì kámẹ́rà méjì, torí wíwo síkíríìnì ṣáá máa ń mu iná
- Nǹkan tẹ́ ẹ máa kúnlẹ̀ lé
- Ẹ̀wù alápá gígùn, bàtà tó bo ẹsẹ̀

Ẹ ò rí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta (ohun tí wọ́n ń gbé kámẹ́rà lé) níbẹ̀. Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ ni. Olú àti ìrì lè dúró de ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, àmọ́ kẹ́ ẹ tó na ẹsẹ̀ ẹ̀ tán báyìí, labalábá ti lọ sí ìdí igi kejì, ẹsẹ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta yẹn náà á sì ti gbún ewé tí kòkòrò wà lórí ẹ̀.

## Kí ni 1:1 tí wọ́n kọ sára lẹ́ńsì?

Kíá la máa kọjá níbí o, àmọ́ ẹ má fò ó. 1:1 túmọ̀ sí pé bí kòkòrò bá gùn ní sẹ̀ǹtímítà kan, sẹ̀ǹtímítà kan náà ló máa gùn lójú sẹ́nsọ̀ kámẹ́rà, ìyẹn ibi tó ń gba àwòrán sílẹ̀. Sẹ́nsọ̀ full-frame jẹ́ mìlímítà 36 sí 24, torí náà nǹkan tó gùn ní mìlímítà 36 ló máa kún fọ́tò yẹn láti etí kan dé ìkejì. Ti APS-C, irú sẹ́nsọ̀ mìíràn, kéré díẹ̀ sí i, ó tó bíi 23.5 sí 15.6, torí náà ní 1:1 kan náà, ibi tó máa wọ inú fọ́tò á kéré sí i. Lẹ́ńsì tí wọ́n kọ 1:2 sí, ìdajì ló lè ṣe. Èyí tí wọ́n kọ 2:1 tàbí 2X sí, ìlọ́po méjì ni.

Wàhálà tó wà níbẹ̀ rèé. Ní 1:1, tẹ́ ẹ bá fi ihò lẹ́ńsì sí f/8 lórí full-frame (bí nọ́ńbà f/ bá ṣe ń tóbi ni ihò ń há), ibi tó máa mọ́ kedere láti iwájú dé ẹ̀yìn ò ju bíi mìlímítà kan péré lọ. Ẹ mú káàdì báńkì kan jáde, ẹ wo bó ṣe nípọn tó, ibi tó mọ́ yẹn fi díẹ̀ ju ìnípọn ẹ̀ lọ ni. Tó bá wá di 2:1, bí ìdajì ìnípọn káàdì yẹn ni. Mímí tẹ́ ẹ ń mí lásán ń sún kámẹ́rà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣẹ́ ẹ ti wá rí i pé lẹ́ńsì yín ò bàjẹ́?

Ohun kan tún máa ń da orí èèyàn rú: ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára lẹ́ńsì pé ó lè súnmọ́ nǹkan tó báyìí, orí sẹ́nsọ̀ ni wọ́n ti wọ̀n ọ́n, kì í ṣe ẹnu lẹ́ńsì. Lẹ́ńsì tí wọ́n kọ sẹ̀ǹtímítà 19 sí lè jẹ́ pé ẹnu ẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan kòkòrò yẹn lórí kó tó dé 1:1. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá ṣì fẹ́ rà, tó sì jẹ́ kòkòrò tó ń sá lẹ fẹ́ máa yà, lẹ́ńsì 90 mm tàbí 100 mm máa fún yín láàyè ju 40 mm lọ. 40 mm àti 60 mm dáa fún òdòdó, olú, àti nǹkan tí ò lẹ́sẹ̀ tó lè fi sá.

## Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ sọ fún kámẹ́rà pé lẹ́ńsì wà lẹ́nu ẹ̀

Lẹ́ńsì afọwọ́yí púpọ̀ ò ní wáyà tó ń bá kámẹ́rà sọ̀rọ̀. Kámẹ́rà á rò pé ẹnu òun ṣófo, ọ̀pọ̀ ló sì máa kọ̀ láti yà. Ẹ tẹ bọ́tìnnì títí, kò ní dáhùn.

1. Ẹ wọ inú mẹ́nù, ẹ wá ibi tí wọ́n ti ń gba kámẹ́rà láyè láti yà láì sí lẹ́ńsì. Sony máa ń pè é ní "Release w/o Lens", Fujifilm ní "Shoot Without Lens", Canon ní "Release shutter w/o lens". Ẹ tàn án.
2. Tí kámẹ́rà yín bá ní ohun tó ń dènà gbígbọ̀n nínú ara ẹ̀, ẹ fọwọ́ kọ iye mm lẹ́ńsì yẹn sí i, torí kò lè mọ̀ ọ́n fúnra ẹ̀.
3. Ẹ yí kámẹ́rà sí M (Manual), ìyẹn ni pé ẹ̀yin lẹ máa fọwọ́ yan nọ́ńbà.
4. Ẹ tan àwọ̀ tó máa ń yọ létí nǹkan tó bá wà nínú fókọ́ọ̀sì, èyí tí wọ́n ń pè ní focus peaking. Pupa ni mo máa ń lò, torí inú ewé ni mo máa ń wà, àwọ̀ yẹ́lò ò sì yọ dáadáa níbẹ̀.
5. Ẹ wá bọ́tìnnì kan tó wà nítòsí àtàǹpàkò, kẹ́ ẹ fi ṣe èyí tó ń fẹ àwòrán lójú síkíríìnì.

Èmi gan-an, ọjọ́ tí lẹ́ńsì mi àkọ́kọ́ dé, mo tẹ kámẹ́rà títí, kò yà, mo ti dá a padà sínú páálí, mo ti ń kọ lẹ́tà ìbínú sí ẹni tó tà á fún mi kí n tó rí ibi kékeré yẹn nínú mẹ́nù. Mo pa lẹ́tà náà rẹ́ wéréwéré.

Nítorí pé kò sí wáyà náà, fọ́tò yín ò ní ní àkọsílẹ̀ f/ kankan nínú. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ èyí tẹ́ ẹ lò, ẹ kọ ọ́ síbì kan.

## Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ to nọ́ńbà yín sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó rí kòkòrò

Iwájú kòkòrò kọ́ lèèyàn ti ń wá ISO (nọ́ńbà tó ń pinnu bí fọ́tò ṣe máa mọ́lẹ̀ tó).

Tẹ́ ẹ bá ń lo fíláàṣì (èyí tí mo fara mọ́ jù):
- ISO 100 sí 400
- Ṣọ́tà (bí kámẹ́rà ṣe ń ṣí ojú fún ìmọ́lẹ̀ pẹ́ tó) 1/160 tàbí 1/200 ìṣẹ́jú àáyá
- Ihò lẹ́ńsì f/8, kó má ju f/11 lọ
- Fíláàṣì náà sí M, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 1/16 agbára ẹ̀, ẹ máa fi kún un tàbí kẹ́ ẹ dín in kù

Tó bá jẹ́ ìmọ́lẹ̀ ojú ọjọ́ nìkan:
- ISO 800 sí 3200
- Ṣọ́tà 1/250, kó jù bẹ́ẹ̀ tí atẹ́gùn bá wà
- f/4 tàbí f/5.6

Kí ló dé tí mo fi fẹ́ràn fíláàṣì? Ìmọ́lẹ̀ ẹ̀, tẹ́ ẹ bá fi sí agbára kékeré, ó máa ń kúrú ju 1/200 tẹ́ ẹ fi ṣọ́tà sí lọ jìnnà, ó ti tàn ó ti kú, torí náà òun ló ń dá kòkòrò àti ọwọ́ yín tó ń gbọ̀n dúró, kì í ṣe ṣọ́tà. Fọ́tò tó ṣòro láti yà dáadáa nínú ìmọ́lẹ̀ ojú ọjọ́ á kàn dúró kedere.

Ẹ ṣọ́ àwọn nǹkan yìí o:

- Ẹ má fi ṣọ́tà kọjá ìyára tí kámẹ́rà yín lè bá fíláàṣì ṣe pọ̀. Lọ́pọ̀ kámẹ́rà, ó máa ń wà láàárín 1/160 sí 1/250. Tẹ́ ẹ bá kọjá ẹ̀, ilà dúdú gbọọrọ kan máa bo apá kan fọ́tò.
- Ṣọ́tà tí ò ń dún, èyí tí wọ́n ń pè ní electronic, ọ̀pọ̀ kámẹ́rà ò ní jẹ́ kí fíláàṣì tàn tẹ́ ẹ bá wà lórí ẹ̀. Ẹ padà sórí mechanical, èyí tó ń dún.
- Kámẹ́rà mirrorless (èyí tí ò ní dígí nínú) á fi bí fọ́tò ṣe máa rí hàn yín lójú síkíríìnì, kò sì mọ̀ pé fíláàṣì ń bọ̀, torí náà síkíríìnì á dúdú kirikiri. Ẹ pa ìfihàn yẹn nínú mẹ́nù kẹ́ ẹ lè rí ibi tẹ́ ẹ ń lọ.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó ń mú àwọn tó gbọ́n jù nínú wa. Èèyàn á ní, "Bí ibi tó mọ́ ò bá ju mìlímítà kan lọ, ṣebí kí n kàn ti ihò lẹ́ńsì pa dé f/22, kí gbogbo ẹ̀ mọ́?" Rárá o. Ní 1:1, nọ́ńbà f/ tẹ́ ẹ fi sí máa ń di ìlọ́po méjì ní ti bó ṣe ń ṣiṣẹ́: f/8 ń ṣe bíi f/16, f/16 ń ṣe bíi f/32. Tí ihò bá ti há jù báyẹn, ìmọ́lẹ̀ fúnra ẹ̀ á máa tàn ká létí ihò yẹn, gbogbo fọ́tò á wá rọ̀ pọ̀ bákan náà, kò ní sí ibì kankan tó mú. Ẹ fẹ́ kí ojú kòkòrò mọ́, ẹ wá sọ gbogbo ara ẹ̀ di bàìbàì. Idọ̀tí tó wà lójú sẹ́nsọ̀ náà á wá yọ síta bí àmì dúdúdúdú. f/8 tó, f/11 ti jẹ́ ìparí.

## Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ mú ìmọ́lẹ̀ fíláàṣì rọ̀

Fíláàṣì lásán, láì fi nǹkan bò ó, ìṣòro ni. Ẹ̀yìn kòkòrò ń dán bíi mọ́tò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀, ìmọ́lẹ̀ yẹn á kàn fi tóró funfun kan jó o lẹ́yìn, ibi tó kù á sì dúdú. Ìmọ́lẹ̀ tó bá fẹ̀, tó sì súnmọ́ nǹkan tẹ́ ẹ ń yà, ló máa ń rọ̀. Ìdí nìyẹn tí oòrùn, bó ṣe tóbi tó, fi máa ń mú òjìji líle wá: ó jìnnà. Bébà funfun tó tó àtẹ́lẹwọ́ méjì lórí eèrà, sánmà odindi nìyẹn lójú eèrà.

1. Ẹ fi bébà funfun tàbí fóòmù pẹ́lẹ́bẹ́ ṣe nǹkan bí òrùlé kékeré, kó gùn láti ẹnu fíláàṣì dé òkè ẹnu lẹ́ńsì, kó sì tẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀ níwájú.
2. Ẹ fi rọ́bà dè é mọ́ fíláàṣì, ẹ má lẹ̀ ẹ́ pa, ẹ ṣì máa tún un ṣe lọ́pọ̀ ìgbà.
3. Ẹ fi bébà kejì, tó fẹ́lẹ́ jù, sí abẹ́ ẹ̀, kẹ́ ẹ fi ààyè díẹ̀ sáàárín méjèèjì. Ààyè yẹn ló ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ tàn ká kó tó jáde.
4. Ẹ ya nǹkan dídán kan tí kì í rìn, bíi kọ́kọ́rọ́ tàbí ṣíbí, níbi tẹ́ ẹ ti máa ń ya kòkòrò. Ẹ fẹ fọ́tò yẹn lójú síkíríìnì. Tẹ́ ẹ bá rí tóró funfun kékeré tó le, ẹ fi bébà kún un. Tó bá jẹ́ funfun fífẹ̀ tó ń rọra pòórá létí, ó ti ṣe.

Ẹ má gba ti àwọn tó ní dandan kẹ́ ẹ ra èyí tí wọ́n ṣe ní ilé iṣẹ́. Mo ti lo bébà ju ọdún kan lọ. Ohun tó burú nínú bébà ò ju òjò lọ.

## Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ fi òrùka sílẹ̀, ẹ sún ara yín

Ẹ jẹ́ ká dúró síbí dáadáa.

1. Ẹ kọ́kọ́ pinnu bí nǹkan yẹn ṣe máa tóbi tó nínú fọ́tò. Labalábá odindi lẹ fẹ́ ni àbí orí ẹ̀ nìkan? Ẹ yí òrùka sí 1:2 tàbí 1:1, ẹ wá gbọ́wọ́ kúrò lórí ẹ̀. Tí òrùka yẹn bá ti rọ̀, tó ń yí fúnra ẹ̀ tẹ́ ẹ bá dorí kámẹ́rà kodò, ẹ fi sẹ́lótéèpù dè é.

2. Ojú ni kẹ́ ẹ fi wá kòkòrò, ẹ má fi kámẹ́rà wá a. Inú síkíríìnì ní 1:1, gbogbo ewé jọra, ẹ máa wá a títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ẹ wò ó dáadáa níbi tó bà sí, kẹ́ ẹ tó gbé kámẹ́rà sójú.

3. Ẹ rọra lọ. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni ìgbín fi ń gun igi. Kí òjìji yín má kọjá lórí ẹ̀, torí òjìji ló ń lé ọ̀pọ̀ kòkòrò ju ara yín lọ. Tó bá dúró lójijì bíi pé ó gbọ́ nǹkan, ẹ dúró náà. Tó bá ti ń bá iṣẹ́ ẹ̀ lọ, ẹ máa bọ̀.

4. Ẹ wá ibi tẹ́ ẹ máa fi ìgúnpá lé. Orúnkún, ilẹ̀, ìdí igi, kódà ìgbáyà yín. Ọwọ́ méjèèjì nínú afẹ́fẹ́ lásán, kò sí ẹni tó lè gbé e dúró ní mìlímítà kan.

5. Tó bá jẹ́ orí ewé tàbí òdòdó ló wà, ẹ fi àtàǹpàkò àti ìka kejì ọwọ́ òsì di ọ̀pá ewé yẹn mú jẹ́jẹ́, ẹ wá gbé ẹnu lẹ́ńsì lé ẹ̀yìn ọwọ́ kan náà. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ tún ìlà yìí kà. Nígbà tí ọwọ́ kan náà bá di ewé mú tó sì tún gbé lẹ́ńsì, tí atẹ́gùn bá fẹ́, ewé àti kámẹ́rà á jọ lọ, wọ́n á jọ bọ̀. Ọjọ́ tí mo mọ èyí ni mo jáwọ́ nínú bíbá atẹ́gùn jà.

6. Ẹ wá fi ara sún síwájú díẹ̀díẹ̀. Ẹ ó rí àwọ̀ pupa peaking yẹn tó ń rìn lára kòkòrò, láti ìwo ẹ̀ dé iwájú orí ẹ̀, títí táá fi dé ojú. Ibi tó bá ti kan ojú ni kẹ́ ẹ tẹ bọ́tìnnì. Ẹ má dúró kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́ o, torí tẹ́ ẹ bá dúró, ẹ ti kọjá ẹ̀. Bí ìgbà téèyàn ń sọ òkúta lu máńgòrò tó ń mì ni, ẹ máa tẹ̀ ẹ́ bó ṣe ń débẹ̀.

7. Ẹ mí síta tán kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Ìgbà téèyàn bá mí síta tán, ara máa ń dúró fún ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí méjì. Àkókò yẹn ni.

8. Ẹ yà á lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, lẹ́ẹ̀mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹ má tijú. Èyí tó dáa lè jẹ́ ẹyọ kan nínú wọn, bó ṣe ń rí fún gbogbo wa náà nìyẹn.

9. Ẹ fẹ fọ́tò lójú síkíríìnì dé ibi tó lè fẹ̀ dé kẹ́ ẹ tó kúrò níbẹ̀. Síkíríìnì kékeré ń pa irọ́, gbogbo nǹkan ló ń dáa níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan lórí peaking: irọ́ díẹ̀ wà lẹ́nu òun náà. Tí ihò lẹ́ńsì bá há, ó máa ń kun ibi tó fẹ̀ ju ibi tó mọ́ lóòótọ́ lọ. Tí nǹkan tẹ́ ẹ ń yà ò bá ń rìn, ẹ ṣí ihò sílẹ̀ pátápátá, ẹ tẹ bọ́tìnnì tó ń fẹ àwòrán, ẹ wá fókọ́ọ̀sì, kẹ́ ẹ tó ti ihò padà sí f/8. Àwọn tó ń lo DSLR (kámẹ́rà onídígí tẹ́ ẹ ń gba ihò wò), tipátipá lẹ máa ṣe báyìí, torí tẹ́ ẹ bá ti ihò lẹ́ńsì pa, inú ihò ìwòran yín á ṣókùnkùn.

Ẹ fi rúlà kọ́ ọ nílé kẹ́ ẹ tó lọ bá kòkòrò. Ẹ gbé rúlà kalẹ̀ lórí tábìlì, kó dagun, kẹ́ ẹ pinnu pé nọ́ńbà 5 lẹ fẹ́ kó mọ́, ẹ sún ara yín, ẹ yà á lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ẹ wo mélòó ló bọ́ sórí 5. Tó bá ń bọ́ sórí 6 ṣáá, ẹ̀ ń pẹ́ kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́ nìyẹn.

## Ìgbésẹ̀ 5: Ibi tẹ́ ẹ dúró sí

Nítorí pé mìlímítà kan péré la ní, ẹ má fi ṣòfò. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀yìn kámẹ́rà dọ́gba pẹ̀lú apá ibi tẹ́ ẹ fẹ́ kó mọ́. Labalábá tó pa ìyẹ́ dé, ẹ dúró sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, kẹ́ ẹ dọ́gba pẹ̀lú ìyẹ́ yẹn, gbogbo ẹ̀ á mọ́. Lámilámi náà, ẹ̀gbẹ́ ni. Tó bá jẹ́ iwájú lẹ dúró sí, ẹ fi ojú méjèèjì dọ́gba, kí ara tó kù máa rọra pòórá sẹ́yìn. Tí ojú ò bá ti mọ́, kò sí bí ìyókù ṣe dáa tó, ẹ pa á rẹ́.

Ẹ sọ̀kalẹ̀ o! Fọ́tò téèyàn dúró lórí ìdúró yà, ẹ̀yìn kòkòrò nìkan ló máa ń wà níbẹ̀. Ìdí tí mo fi ní kẹ́ ẹ mú nǹkan tẹ́ ẹ máa kúnlẹ̀ lé nìyẹn.

Ẹ̀yìn fọ́tò ń dúdú bí òru tẹ́ ẹ bá lo fíláàṣì? Ìmọ́lẹ̀ kékeré yẹn ò lágbára láti dé ọ̀nà jíjìn ni. Ẹ wá ibi tí ewé mìíràn wà nítòsí ẹ̀yìn kòkòrò, tàbí kẹ́ ẹ fi ISO kún un, kí ìmọ́lẹ̀ ojú ọjọ́ lè bá yín kun ẹ̀yìn yẹn.

## Kí lẹ máa kọ́kọ́ yà?

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú eèrà, ẹ máa sunkún. Bí mo ṣe máa tò ó rèé:

Ìrì òwúrọ̀. Kò ń sá, ó sì lẹ́wà. Ìrì máa ń ṣe bíi lẹ́ńsì: òdòdó tó wà lẹ́yìn ẹ̀ á hàn nínú ẹ̀, àmọ́ á dorí kodò. Àwòrán inú ìrì yẹn ni kẹ́ ẹ fi fókọ́ọ̀sì sí, kì í ṣe etí ìrì. Kó yá o, tí oòrùn bá gòkè ó ti gbẹ.

Olú àti ewé. Ẹ lo ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta níbí, ẹ fi kámẹ́rà sí ìṣẹ́jú àáyá méjì kó tó yà, kí títẹ̀ tẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ má mì í.

Ìgbín. Ó ń rìn, àmọ́ ẹ̀ ń rìn jù ú lọ. Ojú ẹ̀ wà lórí ìwo gígùn, ibẹ̀ ni fókọ́ọ̀sì ń lọ.

Kòkòrò tó ṣì ń sùn. Ara kòkòrò kì í gbóná fúnra ẹ̀ bíi tiwa, oòrùn ló ń yá. Kí oòrùn tó là, lámilámi àti labalábá á ti di ewé mú, ìrì á bo gbogbo ara wọn, wọn ò sì lè tètè fò. Tẹ́ ẹ bá lè jí, àkókò yìí ló dáa jù nínú gbogbo ọjọ́. Ọ̀sán gangan ló burú jù, gbogbo wọn ló ń sáré.

Aláǹtakùn tó ń fò. Ààyò mi nìyí. Ojú mẹ́jọ ló ní, méjì ńláńlá wà níwájú, òun gan-an á sì yíjú wò yín, á máa wo ẹnu lẹ́ńsì bíi pé ó ń wo dígí. Ó sì máa ń fò sórí lẹ́ńsì nígbà mìíràn, ẹ má ju kámẹ́rà sílẹ̀ o.

Ìyẹ́ labalábá ní 2:1. Ìpẹ́ kéékèèké tó tò léra wọn bíi páànù òrùlé ló bò ó. Ibi tẹ́ ẹ ti máa rí i pé eruku tó ń lẹ̀ mọ́ ìka yín tẹ́ ẹ bá mú labalábá, ara ẹ̀ ni, kì í ṣe eruku.

Eèrà. Kì í dúró. Ẹ wá ibi tí eèrà ti ń tọ́jú àwọn kòkòrò wínníwínní tó ń fa omi ewé mu, wọ́n máa ń wà lórí ọ̀pá ewé kan náà fún ìgbà pípẹ́, torí omi dídùn tó ń jáde lára wọn leèrà ń wá. Níbẹ̀ leèrà ti máa ń rọ̀ fún yín díẹ̀.

## Ẹ ṣọ́ra o

- Kẹ́ ẹ tó kúnlẹ̀, ẹ wolẹ̀. Ìjàlọ ò mọ oníṣẹ́ fọ́tò. Ejò náà lè wà lábẹ́ ewé gbígbẹ.
- Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ òsì di ọ̀pá ewé mú, ẹ yí i wò lẹ́yìn. Kòkòrò onírun wà tí irun ẹ̀ ń yún èèyàn lára gidi. Èmi ò wò ó lọ́jọ́ kan, ọwọ́ mi wú, mi ò lè di kámẹ́rà mú títí di ọjọ́ kejì.
- Ìtẹ́ agbọ́n àti ilé oyin, ẹ jìnnà sí i. Oyin ẹyọ kan lórí òdòdó ò ní ìjà kankan, ilé ẹ̀ ló ń jà fún.
- Ẹ má kó kòkòrò sínú fíríìjì kó lè dúró. Mo mọ̀ pé wọ́n ń kọ́ ara wọn bẹ́ẹ̀. Ó lè pa wọ́n, ó sì máa ń hàn nínú fọ́tò, ẹsẹ̀ wọn á ká bíi ti òkú.
- Ẹ má já òdòdó tí kòkòrò wà lórí ẹ̀, ẹ má tú ilé aláǹtakùn ká.
- Ẹ má pààrọ̀ lẹ́ńsì níbi tí eruku ti ń fẹ́. Tó bá pọn dandan, ẹ dojú kámẹ́rà bolẹ̀ kẹ́ ẹ tó ṣí i.

## Ohun tẹ́ ẹ rí, ohun tó fà á

Gbogbo fọ́tò rọ̀, kò sí ibi tó mú rárá. Ihò lẹ́ńsì há jù, tàbí ọwọ́ gbọ̀n. Ẹ padà sí f/8, ẹ tan fíláàṣì.

Ìwo kòkòrò mọ́, ojú ẹ̀ bàìbàì. Ẹ yára tẹ̀ ẹ́ kí ẹ tó dé ojú. Ẹ̀yìn ọrùn ló mọ́? Ẹ pẹ́ jù.

Apá ìsàlẹ̀ fọ́tò dúdú. Tí etí ẹ̀ bá tọ́ bíi ti rúlà, ṣọ́tà ti yára kọjá ti fíláàṣì. Tí etí ẹ̀ bá rí bìrìkìtì, òjìji ẹnu lẹ́ńsì ni, ẹ fa òrùlé bébà yẹn síwájú sí i.

Àmì dúdú kan náà níbì kan náà nínú gbogbo fọ́tò. Idọ̀tí ojú sẹ́nsọ̀.

Ní 1:1 fọ́tò ṣókùnkùn ju ti 1:2 lọ, bẹ́ẹ̀ ẹ ò yí nǹkan kan. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, bẹ́ ẹ bá ṣe ń súnmọ́ ni ìmọ́lẹ̀ tó ń wọlé ń dín. Ẹ fi kún agbára fíláàṣì.

## Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí gbogbo ara ẹ̀ mọ́

Fọ́tò tẹ́ ẹ máa ń rí tí kòkòrò mọ́ láti imú dé ìdí, fọ́tò kan ṣoṣo kọ́. Wọ́n yà á lọ́pọ̀ ìgbà, wọ́n wá lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Ẹ rántí pé lẹ́ńsì afọwọ́yí ò ní mọ́tò nínú, torí náà èyí tí kámẹ́rà ń fúnra ẹ̀ ṣe nínú mẹ́nù ò ní ṣiṣẹ́ fún yín, ọwọ́ lẹ máa fi ṣe é.

1. Ẹ wá nǹkan tí ò ní mì rárá. Kòkòrò tó ń sùn, olú, nínú ibi tí atẹ́gùn ò sí.
2. Kámẹ́rà sórí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ má yí ìmọ́lẹ̀ tàbí ISO títí ẹ fi máa parí.
3. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó súnmọ́ yín jù, ẹ yí òrùka tínńtín, ẹ yà á, ẹ tún yí i tínńtín. Ibi tó mọ́ nínú fọ́tò kan gbọ́dọ̀ wọ inú ti ìkejì díẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ilà bàìbàì á wà láàárín.
4. Ẹ kó gbogbo ẹ̀ sínú Helicon Focus tàbí Zerene Stacker, àwọn ètò kọ̀ǹpútà tó ń lẹ̀ fọ́tò pọ̀. Photoshop náà ń ṣe é: ẹ kó wọn jọ bíi layer, Auto-Align, kẹ́ ẹ wá ṣe Auto-Blend.

## Tí ò bá tíì sówó lẹ́ńsì macro

Túùbù tó ń wà láàárín lẹ́ńsì àti kámẹ́rà ni mo máa kọ́kọ́ sọ, kò ní gíláàsì kankan nínú, torí náà kò sí gíláàsì tó máa ba fọ́tò jẹ́. Bẹ́ ẹ ṣe máa ṣírò ẹ̀: ẹ pín gígùn túùbù pẹ̀lú iye mm lẹ́ńsì. Túùbù 25 mm lẹ́yìn lẹ́ńsì 50 mm, ìdajì nìyẹn, èyí tó túmọ̀ sí 1:2. Túùbù 50 mm, 1:1.

Òrùka tó ń jẹ́ kẹ́ ẹ dojú lẹ́ńsì sẹ́yìn kọ kámẹ́rà lẹ́nu náà wà. Lẹ́ńsì 28 mm tí wọ́n dorí ẹ̀ kodò báyìí máa súnmọ́ nǹkan ju 50 mm lọ, ó lè kọjá 2:1. Ẹ lo lẹ́ńsì àtijọ́ tó ní òrùka f/ lára ara ẹ̀, torí lẹ́ńsì tuntun tí kámẹ́rà ń bá ṣí ihò ò ní gbọ́ràn mọ́ tẹ́ ẹ bá ti dojú ẹ̀ sẹ́yìn. Ẹ sì ṣọ́ gíláàsì ẹ̀yìn ẹ̀ tó ti wá wà níta, kò sí ohun tó ń dáàbò bò ó.

Tẹ́ ẹ bá ti ní lẹ́ńsì 100 mm kan, ẹ lè dojú 50 mm kọ ọ́ lẹ́nu, 100 pín sí 50, 2:1 nìyẹn. Raynox DCR-250 tún wà, gíláàsì kékeré tó ń há mọ́ ẹnu lẹ́ńsì, tó rọrùn láti yọ, ó sì máa ń wà nínú àpò mi lẹ́yìn gbogbo lẹ́ńsì tí mo ti rà.

Èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá lò nínú wọn, Ìgbésẹ̀ 4 ò yí padà: òrùka sójú kan, ìgúnpá lórí nǹkan, ẹ mí síta, ẹ sún.